Ẹ Má Ṣe Pè É Ní Ọjọ́ Ogbó

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, lórí àrùn àkóràn àti àwọn àgbà ilé wa

  

Ní ọdọọdún tí a bá pé jọ báyìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ iná, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àti ọ̀rọ̀ omi ni a máa ń sọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá, níbi tí ojú ẹgbẹ́ kì í tó. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn àrùn tí ń ràn, àti bí wọ́n ṣe ń mú àwọn àgbà wa lọ láìpariwo. Àwọn baba wa sọ pé àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa tí ọjà Mile 12 wà ní ẹnu ọ̀nà wa mọ òwe yìí dunjú. Ìbéèrè tí a fẹ́ bi ara wa lónìí ni pé, bí orí àgbà fúnra rẹ̀ bá wọ́, ta ni ó wà ní ọjà tí yóò tún un ṣe?

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r'òde. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú agboolé tiwa.

Ìyá kan wà ní agboolé wa ní Kétu tí ó ti lé ní ẹni ọdún 70. Ata ni ó ń tà ní Mile 12 láti ìgbà èwe rẹ̀. Kí àkùkọ tó kọ ni ó ti máa ń wà ní ìdí ọkọ̀ tí ó ń já ẹrù. Ní àkókò òjò ọdún kan, ìyá yìí kò dìde ní òwúrọ̀. Ó ní ó rẹ òun. Ó ta oúnjẹ nù. Ní ọjọ́ kejì, ó ń pe ọmọ rẹ̀ obìnrin ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú. Ní ọjọ́ kẹta, ó ṣubú ní ọ̀nà balùwẹ̀. A fi ọwọ́ kan ara rẹ̀, kò gbóná. Ikọ́ tí ó ń wú kò ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Àwa tí a kàwé àti àwa tí a kò kàwé, ohùn kan náà ni a fi sọ ọ́ pé ọjọ́ ogbó ti dé. Àwọn kan tilẹ̀ ní ìyá ti ń bá àwọn ará ọ̀run sọ̀rọ̀, kí a tètè ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tí ó wà ní òkè òkun.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó jókòó tì í tí ó sì ń ka èémí rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 32 ni ìyá mí. Ọmọ náà ké sí wa pé èyí kì í ṣe ogbó, òtútù àyà ni. A gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn ní òru ọjọ́ náà. Òtútù àyà ni lóòótọ́. Wọ́n sì tún rí i pé àrùn àtọ̀gbẹ, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ sí tẹ́lẹ̀, ti wà ní ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ó padà sí ilé. Kò pẹ́ tí ó tún fi ń bá wa jà pé a kò mọ ata rà.

A rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí a jókòó, ọkàn wa lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá kan tí a sin ní agboolé kan náà ní ọdún méjì ṣáájú. Òun náà ta oúnjẹ nù lójijì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà dàrú. Ara rẹ̀ náà kò gbóná. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó dákẹ́. A pè é ní ikú àgbà. A pa màlúù, a ra aṣọ ẹbí, a pe olórin, a sì jó di òwúrọ̀. Kò sí ẹni tí ó ka èémí bàbá. Owó tí a fi ra omi tí àlejò mu ní ọjọ́ ìsìnkú náà nìkan ìbá ti tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ìdí tí a fi dìde sọ̀rọ̀ níwájú yín lónìí nìyí. Kì í ṣe pé a gbọ́n jù yín lọ. Ẹ̀bi wa ni ó kọ́ wa.

Ohun tí a fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sí ilé kò ju ọ̀kan lọ. Ogbó kì í sáré. Ogbó a máa rìn díẹ̀díẹ̀, ní oṣù dé oṣù, ní ọdún dé ọdún. Ohun tí ó bá dé bá àgbà láàárín ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì, àìsàn ni, ẹ má ṣe pè é ní ọjọ́ ogbó. Ọ̀pọ̀ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ àrùn àkóràn tí ó ní oògùn.

Ẹ lè béèrè pé, kí ni ó dé tí àrùn kò fi ń fi ara hàn ní ara àgbà bí ó ti ń fi ara hàn ní ara ọmọdé? Àwọn baba wa sọ pé ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àrùn àgbà ń fi ara pamọ́ sí abẹ́ ewé. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn, àwọn ọmọ ogun kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá kòkòrò àrùn jà. Nígbà tí a wà ní èwe, bí ọ̀tá bá wọlé, kíákíá ni wọ́n ń lu ìlù ogun. Ara a gbóná, ikọ́ a dún, orí a máa fọ́ni, gbogbo ilé a sì mọ̀ pé ogun dé. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn ọmọ ogun náà ń dínkù, àwọn tí ó kù sì ń lọ́ra. Ìlù ogun náà kò dún sókè mọ́. Ọ̀tá lè wọ ìlú, kí ó sì ba ìlú jẹ́ dé ààbọ̀, kí ará ilé tó gbọ́.

Nítorí náà, àwọn àmì tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ní ara àgbà yàtọ̀. Bí àgbà bá ṣàdédé kọ oúnjẹ, bí ó bá ṣubú láìsí ìdí, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dàrú, bí ó bá ń sùn ní ọ̀sán tí kò sì fẹ́ jí, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ sí ara nígbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fura. Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ara yóò gbóná janjan. Fún ẹni tí ó ti dàgbà, bí ohun ìwọ̀n ìgbóná ara bá ti ju ìwọ̀n 37.8 ti Sẹ́ńtígíréèdì lọ, ibà ni, bí ọwọ́ tí ẹ fi kàn án kò tilẹ̀ jó yín. Ẹ tún máa ka èémí. Bí àgbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ bá mí ní ìgbà 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ wá ọkọ̀ kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Aago ọwọ́ tàbí fóònù tí ó wà ní àpò yín ti tó fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àgbègbè tiwa, kí a lè mọ ẹnu ọ̀nà tí àwọn àrùn wọ̀nyí ń gbà wọlé.

Ẹnu ọ̀nà kìn-ín-ní ni omi. Ọmọ odò ni wá, odò Ògùn ni ó sì ń ṣàn kọjá ní ẹ̀bá wa kí ó tó wọ inú ọ̀sà. Ní òkè odò náà, ní agbègbè Abẹ́òkúta, ni ìsédò Ọ̀yán wà, èyí tí a ṣí ní ọdún 1983. Nígbà tí òjò bá pọ̀, tí a sì tú omi sílẹ̀ láti inú ìsédò náà, Mile 12, Òwódé Onírin, Àgbóyì, Ìṣẹ́rí àti Ajégúnlẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú ni omi ń yà sí. Kò sí ẹni tí ó gbé ní àdúgbò wọ̀nyí ní oṣù October ọdún 2010 tí yóò gbàgbé rẹ̀. Omi wọ yàrá, ènìyàn fi ilé sílẹ̀, ọkọ̀ ojú omi di ohun tí a fi ń wọ àdúgbò. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí nìyẹn. Ohun tí ojú kò rí ni pé omi náà gba inú ṣáláńgá lọ sí inú kànga. Nígbà tí omi bá fà, tí a sì nu ilé tán, àrùn onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun lè wà nínú kànga tí ó mọ́ ní ojú.

Ní oṣù June ọdún 2024, nígbà tí Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abayomi, kéde pé àìsàn ìgbẹ́ gbuuru líle ti bẹ́ sílẹ̀, orúkọ Kòṣọ́fẹ́ wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àkọ́kọ́ tí a dá, pẹ̀lú Etí-Ọ̀sà, Erékùṣù Èkó àti Ìkòròdú. Onígbáméjì ni a rí nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò. Àrùn yìí kì í pa ènìyàn nípa iná ara. Omi ara ni ó ń gbẹ. Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ gan-an ni ewu àgbà wà. Bí ènìyàn ti ń dàgbà, òùngbẹ kì í gbẹ ẹ́ mọ́ bí ó ti yẹ, kíndìnrín rẹ̀ kò sì lè di omi mú dáadáa mọ́. Àgbà lè gbẹ tán kí ó sì máa sọ pé òun kò fẹ́ omi. Ẹ má ṣe bi í léèrè bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹ fún un ní omi. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, ẹ mú lítà kan omi tí a sè tí ó sì ti tutù, ẹ fi ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà sí i àti ààbọ̀ ṣíbí kékeré iyọ̀. Kí ṣíbí náà tẹ́jú, kí ó má ṣe rí góńgó. Ẹ pò ó, kí ẹ sì máa fún un mu ní díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Omi yìí kò rọ́pò dókítà. Ohun tí yóò mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà láàyè ni.

Ẹnu ọ̀nà kejì ni afẹ́fẹ́. Ọjà Mile 12 ni ó ń bọ́ Èkó. Tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu ń wá láti Òkè Ọya àti láti ibi púpọ̀, ènìyàn sì ń tẹ̀lé wọn wá láti ibi gbogbo. A kò sọ èyí láti bú àlejò. Ọjà ni ó sọ àdúgbò wa di ohun tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn bá ti pọ̀, ikọ́ ń gba ibẹ̀ kọjá. Láti ọjà a wọ dánfó tí a ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa nítorí òjò. Láti inú dánfó a wọ ilé oníyàrá púpọ̀ tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí ara wọn, tí ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ márùn-ún ń sùn nínú yàrá kan. Ọ̀dọ́ tí ó gbé ọ̀fìnkìn wá sí ilé yóò fi ọjọ́ mẹ́ta sín, yóò sì gbàgbé rẹ̀. Àgbà tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lè bá a dé ilé ìwòsàn.

Ọdún 2020 kọ́ gbogbo ayé ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 27 oṣù February ọdún náà ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó pé ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn Kòrónà ti wà ní Nàìjíríà, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yábàá. Bí àrùn náà ti ń tàn kálẹ̀ ní ayé, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń gbọ́ láti ilẹ̀ gbogbo: bí ọjọ́ orí bá ti ń ga sí i ni ewu ikú ń pọ̀ sí i. Ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni ó fi ara gbá jùlọ, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì fi ojú ara yín rí i. Ní tiwa níhìn-ín, a kò ní ilé arúgbó púpọ̀. Yàrá tí a ń bá àwọn òbí wa gbé ni ilé arúgbó wa. Ohun tí ó bá wọ yàrá náà, ọwọ́ wa ni ó ti wá.

Àrùn kan tún wà nínú afẹ́fẹ́ tí kì í ṣe àlejò. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Láti ọdún 1882 ni oníṣègùn ará Jámánì, Robert Koch, ti fi kòkòrò tí ó ń fà á hàn, síbẹ̀ Nàìjíríà ṣì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti ń pa ènìyàn púpọ̀ jùlọ. Ìwà rẹ̀ ṣe àjèjì. Kòkòrò yìí lè wọ ara ènìyàn ní èwe, kí ó sùn síbẹ̀ fún ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má sì ṣe é ní nǹkan kan. Nígbà tí ogbó, àìjẹunkánú tàbí àtọ̀gbẹ bá sọ àwọn ọmọ ogun ara di aláìlágbára, ó jí. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ wà nínú ewu rẹ̀ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ju ẹni tí kò ní in lọ. Nígbà náà ni bàbá yóò bẹ̀rẹ̀ sí rù, tí àwa yóò sì máa wí pé arúgbó kì í sanra. Ikọ́ rẹ̀ yóò máa dún ní òru, àwa yóò ní ikọ́ aáṣà ni. Ní gbogbo àkókò náà, àwọn ọmọ-ọmọ tí ó ń bá a sùn ń fa èémí rẹ̀ símú. Ikọ́ tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ nínú ètò ìjọba, oṣù mẹ́fà sì ni a sábà máa ń lo oògùn náà. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àjogúnbá, kò sì yẹ kí a fi pamọ́. Àrùn tí a bá fi pamọ́ kì í gbọ́ oògùn.

Ẹnu ọ̀nà kẹta ni awọ ara. Àgbà tí ó ní àtọ̀gbẹ lè tẹ ìṣó ní ọjà kí ó má mọ̀, nítorí pé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Kí a tó rí i, egbò ti jinlẹ̀. Kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí ó ń mú kí eyín ẹni pa pọ̀ tí ẹ̀yìn ẹni sì ń gan, inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni ó ń gbé. Àwọn ìyá wa kan gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n lóyún. Ọ̀pọ̀ àwọn baba wa kò gbà á rí. Ẹni tí àìsàn sì dá dúbúlẹ̀ sí ojú kan, ibùsùn ń dá egbò sí i ní ìdí àti ní gìgísẹ̀, kòkòrò sì ń gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì, kí ẹ sì máa wo ẹsẹ̀ aláàtọ̀gbẹ ní alaalẹ́ bí ìgbà tí ẹ ń wo owó ọjà.

A ti sọ̀rọ̀ nípa ẹnu ọ̀nà. Ó kù kí a sọ̀rọ̀ nípa ohun tí àwa fúnra wa ń ṣe tí ó ń tú ìdè ilẹ̀kùn. Èéfín igi ìdáná tí ìyá ti ń fà láti ọgbọ̀n ọdún ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Oúnjẹ tí a ń gbé fún àgbà, ẹ̀kọ ní òwúrọ̀, ẹ̀bà ní alẹ́, láìsí ẹ̀wà, láìsí ẹyin, láìsí ẹja, kò fún àwọn ọmọ ogun ara ní ohun ìjà. A máa ń ní àgbà kì í jẹ ẹran, nígbà tí ó jẹ́ pé eyín ni kò ní. Ẹ lọ̀ ọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn tí a ń rà káàkiri. Àpòpọ̀ ìṣégùn ara ríro tí a ń tà nínú ọkọ̀ àti ní ẹ̀bá ọjà máa ń ní irú oògùn tí a ń pè ní steroid nínú nígbà mìíràn. Ìrora yóò lọ, ojú yóò kún, ìyá yóò sì máa yin olóògùn. Ṣùgbọ́n oògùn náà ti dá àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ dúró, ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo àrùn tí a ti kà sílẹ̀. Oògùn apakòkòrò tí a rà ní horo mẹ́rin ní kẹ́míìsì, tí a lò fún ọjọ́ méjì, kò pa ọ̀tá. Ó kọ́ ọ ní ogun jíjà ni. A kò wá láti tàbùkù àgbo àwọn baba wa. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a kọ́kọ́ mọ orúkọ àrùn kí a tó wá oògùn rẹ̀.

A mọ̀ pé nígbà tí a bá dárúkọ abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn kan yóò mi orí. A bẹ̀ yín, ẹ wo apá àwọn òbí yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a bí kí ọdún 1970 tó dé ni àpá abẹ́rẹ́ ìgbóná wà ní apá wọn. Àrùn yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ọdún 1970 ni a rí i gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti parẹ́ ní gbogbo ayé. Àpá kékeré yẹn ni ó lé Olóde lọ. Ní Gẹ̀ẹ́sì lónìí, ẹni tí ó bá ti pé ọdún 65 ń gba abẹ́rẹ́ àrùn ọ̀fìnkìn líle ní ọ̀fẹ́ ní ọdọọdún, wọ́n sì ní ti òtútù àyà pẹ̀lú. Ní tiwa, irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tí ì di ohun tí a ń pín fún gbogbo àgbà. Owó ni a fi ń rà á. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà.

Ọ̀rọ̀ tí a ní fún yín nìyí, a sì fi ìfẹ́ sọ ọ́. Ẹ ń ṣe dáadáa. Ẹ ń fi owó ránṣẹ́, ẹ ń pe ìyá ní ọjọ́ Sunday, ẹ sì ń béèrè bí ara ti rí. Ìyá yóò sì dáhùn pé, "Mo wà dáadáa, ọmọ mi, ara ń le." Ẹ má ṣe gbà á gbọ́ tán. Àgbà kì í fẹ́ kí ọmọ tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn ní ìdààmú ọkàn. Ẹ bi ẹni tí ó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí ó jẹ ní àná, bóyá ó dìde fúnra rẹ̀, bóyá ó mọ ọjọ́ tí òní jẹ́. Ẹ dín owó òkú kù, kí ẹ fi kún owó alààyè. Ẹ fi orúkọ àwọn òbí yín sí ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tí a ń pè ní Ìlera Èkó, kí ó má ṣe jẹ́ pé òru tí àìsàn dé ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá owó. Nígbà tí ẹ bá sì ń bọ̀ ní ilé ní oṣù December, bí ikọ́ bá ń bá yín bọ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú, ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó dì mọ́ ìyá.

Ní ti àwa tí a wà ní ilé, iṣẹ́ mẹ́ta ni a gbé kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́. Èkíní, kí olúkúlùkù àdúgbò kọ orúkọ gbogbo àgbà tí ó ti pé ọdún 65 sílẹ̀, pàápàá àwọn tí ń dá gbé, kí a sì yan ọ̀dọ́ kan tí yóò máa wò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí yóò mọ èémí í kà, tí yóò sì mọ nọ́ḿbà ẹni tí ó ní ọkọ̀. Èkejì, kí a jẹ́ kí àwọn àgbà ọjà, ìyá wa tí kò lè jókòó sí ilé nítorí pé ọjà ni oúnjẹ wọn, rí omi ọwọ́ fífọ̀ àti ibi tí afẹ́fẹ́ wà ní ìdí àtẹ wọn, kí a sì bá àwọn olórí ọjà sọ ọ́. Ẹ̀kẹta, kí oṣù August tó parí ní ọdọọdún, kí odò tó kún, kí a ti mọ ilé gíga tí a ó kó àwọn arúgbó etí odò lọ, kí a sì ti pèsè oògùn tí a ó fi fọ kànga nígbà tí omi bá fà. Àwọn iṣẹ́ yìí kò béèrè pé kí a dúró de ìjọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ní dákẹ́ lórí ohun tí ó jẹ́ ojúṣe ìjọba.

Ìtọ́jú àgbà ti di iṣẹ́ tí àwọn dókítà ń kọ́ ní ọ̀tọ̀. Ní ọdún 2012, a ṣí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tí a fi sọ orí Olóyè Tony Anenih ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn. A kò retí pé kí a kọ́ irú rẹ̀ ní Ìkòsì ní ọdún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ kò ga jù fún wa. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹnì kan tí ó jókòó ti àgbà, tí ó ń wo àyà rẹ̀ bí ó ti ń gòkè tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀, tí ó sì ń kà.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Àwọn òbí wa ka èémí tiwa nígbà tí a wà ní ìkókó. Wọ́n fi ọwọ́ kan iwájú orí wa ní òru, wọn kò sì pe ibà wa ní ìwà ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí àwa náà san án padà. Nígbà tí ọjọ́ bá pé tí wọn yóò lọ ní tòótọ́, a ó sin wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, a ó sì jó pẹ̀lú ọkàn tí kò dá wa lẹ́bi.

Ọlọ́run yóò dá àwọn àgbà wa sí fún wa. Yóò fún àwa náà ní ogbó tí ó ní olùtọ́jú. Kòṣọ́fẹ́ yóò máa gòkè.